Darandaran ní mẹ́rin ló kú, ìwé mi ní mọ́kànlá: kí ló ń pa màlúù mi?

TíṣàFẹ̀yìntì (Ìséyìn)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ níbí láì dá sí i, àmọ́ èyí tó délẹ̀ yìí ti ju kí n kàn máa kàwé lọ.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi jáde ní 2018, mi ò kọ́lé kún ilé, màlúù ni mo fi rà. Mo kó wọn fún Fúlàní kan tá a ti jọ mọra tipẹ́, ní gàá kan lápá odò Ògùn, òun ló ń bá mi sìn wọ́n. Àdéhùn wa ò lẹ́gbin: òun ló ni wàrà, èmi ni mo ni ẹran, mo sì ń fún un lówó lóṣooṣù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò sí màlúù tí kò mọ̀ ní ojú, bí ẹ bá sì gbọ́ bó ṣe ń fi orúkọ pè wọ́n lálẹ́, ẹ ó rò pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń pè síbi ìtò.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní mẹ́ta ti ṣubú. Kí n tó gun ọ̀kadà débẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú: abo ńlá kan tí a ń pè ní Olómi, àti ẹgbọrọ méjì tí wọn ò tíì bímọ rí. Ó ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n láàárọ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu, àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni wọ́n bá lulẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò tó wákàtí kan.

Ó ní májèlé ni. Ó ní àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lókè ibi tí wọ́n ti ń mu omi ti ń lérí tipẹ́ pé òun á da òògùn apakòkòrò sódò. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Mo ti ń múra láti lọ bá Baálẹ̀, mo sì ti ní in lọ́kàn pé ibẹ̀ ni màá gbà dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Àmọ́ nǹkan méjì ò jẹ́ kí n sùn.

Alápatà kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, mi ò mọ ẹni tó pè é. Ó ti ń la ọ̀kan nínú àwọn ẹgbọrọ náà. Mo dúró tì í. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ó pupa fòò bíi tàtàṣé, tó bẹ́ẹ̀ tí alápatà fúnra ẹ̀ fi sọ pé òun ò rí irú ẹ̀ rí lára òkú ẹran. Nígbà tó tú àpò ṣàkì, ewé tútù ló kún ibẹ̀, ewé gígùn bíi ti àgbàdo, tí kò tíì lọ̀ kúnná. Mo ní wọn ò ní tà á, ká gbẹ́ ilẹ̀ ká sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ ri owó mọ́lẹ̀. A ṣáà sin wọ́n.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti débẹ̀, mo ka àwọn tó kù. Lóṣù Kìíní ọdún yìí, màlúù 32 ló wà nínú ìwé mi: abo tó ti bímọ 14, akọ ńlá 1, ẹgbọrọ tọkùnrin-tobìnrin 10, ọmọ tó ṣì ń mu ọmú 7. Wọ́n ti bí ọmọ 9 kún un. Mo ta akọ kékeré 2 nígbà Iléyá. 39 ló yẹ kó wà. Ẹ yọ mẹ́ta ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ẹ yọ abo kan tó rù kan eegun tó sì kú lóṣù Keje, 35 ló yẹ kí n bá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. 28 ni mo bá. Mo ní àwọn 7 yòókù dà? Ó ní, "Ẹran kì í dúró sójú kan, Tíṣà."

Ìṣirò ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún. Mi ò mọ ọ̀nà tí 35 ń gbà di 28. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé májèlé ni? Ṣé olè ni? Àbí kí ni?

ỌmọAlápatà (Ìbàdàn)

Bàbá Tíṣà, ẹ kú àdánù o. Ọlọ́run á fi ìlọ́po rẹ̀ dí i.

Ìdí ẹran ni wọ́n bí mi sí. Bódìjà ni bàbá mi ti pa ẹran kí wọ́n tó kó wa lọ sápá Akínyẹlé, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Àwọn 7 tẹ́ ẹ̀ ń wá yẹn, ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ olè ló kó wọn. Ẹ̀yin ń ka òkú. Darandaran yín náà ń ka òkú. Èyí tí wọ́n bá dúńbú kò sí lára òkú.

Ẹran á ṣàárẹ̀, á dùbúlẹ̀, kò ní í lè dìde mọ́. Bó bá kú fúnra ẹ̀, òkúǹbete ni, Mùsùlùmí ò ní í fẹnu kàn án, owó ti wọmi. Bí ọ̀bẹ bá bá ẹ̀mí lára ẹ̀, ẹran ni. Ìdí nìyẹn tí fóònù alápatà fi ń dún láago méjì òru. Màlúù tó yẹ kó lọ ní 700,000 náírà, ẹ ó gbà á ní 120,000, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Kò gba odò ẹran kọjá, dókítà ò rí i, inú ìgbẹ́ ni wọ́n ti máa kun ún, ó di àárọ̀ ó ti wà lórí àtẹ. Mi ò ní tàn yín, a rà á rí nílé wa. Mi ò rà á mọ́ báyìí, àmọ́ mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ ẹ bá bi darandaran pé mélòó ló kú, òótọ́ ló sọ fún yín: mẹ́rin ló kú. Ẹ wá alápatà tó ń ná ìdí gàá yẹn lọ, ẹ fún un lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kẹ́ ẹ bi í pé mélòó ló rà níbẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ìwé ikú ẹran yín wà.

Bó bá sì sọ fún yín pé òun bá nǹkan nínú ṣàkì, ẹ gbà á gbọ́. Èmi fúnra mi ti la abo kan rí tí ikùn ẹ̀ tóbi bí ẹni tó lóyún oṣù mẹ́sàn-án, tí ẹ̀yìn ẹ̀ sì rí bí ayùn. Inú ṣàkì ẹ̀ le gbandi. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, nǹkan kan náà ni mò ń fà, kò tán: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá dúdú, okùn àpò ìrẹsì, gbogbo ẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìrù ẹṣin. Ó wúwo tó garawa omi kan. Màlúù yẹn ń jẹun títí dọjọ́ tó dùbúlẹ̀, oúnjẹ ni kò rí ibi gbà.

DókítàẸran (Òkè-Ògùn)

Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì lọ bá Baálẹ̀, ẹ má sì dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ohun tó pa àwọn mẹ́ta yẹn síbí, ẹ ò kàn mọ̀ pé ẹ ti kọ ọ́ ni.

Ewé gígùn bíi ti àgbàdo, lóṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò dá fún ọ̀sẹ̀ méjì: ọkà bàbà ni. Ọkà bàbà tí kò tíì ga ju orúnkún lọ, pàápàá èyí tí oòrùn ti lù tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú lẹ́yìn tí wọ́n gé e, nǹkan kan wà nínú ewé ẹ̀ tó máa ń di májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì tí màlúù bá ti jẹ ẹ́. Ohun kan náà ló wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n sá a kó gbẹ dáadáa kí ẹran tó jẹ ẹ́. Sáyánáìdì ò dí imú. Atẹ́gùn ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e káàkiri, àmọ́ ara ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà pupa fòò lójú yín: ẹrù tó yẹ kó ti sọ̀ ló ṣì wà lórí ẹ̀. Òògùn ẹ̀ wà, sodium thiosulphate, inú iṣan la máa ń gún un sí, àmọ́ kí n tó gun ọ̀kadà láti ìlú dé gàá yín, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ká ní òògùn apakòkòrò ni, itọ́ ì bá máa dà lẹ́nu wọn, omi á máa bọ́ lójú wọn, wọ́n á máa yàgbẹ́, ara wọn á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Àti pé gbogbo agbo ló mu nínú odò yẹn. Májèlé wo ló ń ṣa mẹ́ta péré mú? Àwọn tó lágbára jù, tó kọ́kọ́ ya wọ oko, tó sì yára jẹ ló kú. Ẹ bi darandaran yín pé oko ta ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má bi í níwájú èèyàn o.

Èyí tó rù kan eegun ló kàn mí jù, nítorí kò ní í jẹ́ òun nìkan. Àwọn Fúlàní ń pè é ní sammore. Eṣinṣin tsetse tó ń gbé etí odò Ògùn ló ń gbé kòkòrò ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Kì í pa ẹran lọ́jọ́ kan. Ibà á mú un lónìí, á lọ lọ́la, irun ẹ̀ á ta ṣàkàṣàkà, kókó á so níwájú èjìká, bẹ́ ẹ bá ṣí ìpéǹpéjú ẹ̀, inú ẹ̀ á funfun bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Màlúù funfun ti Fúlàní ò lè bá a jà. Àwọn ẹranlá kúkúrú ti ilẹ̀ wa, Mùtúrù, àti N'Dama tí wọ́n sìn ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́, àwọn yẹn máa ń fara dà á, àmọ́ ta ló ń rà wọ́n báyìí? Wọn ò tóbi lójú oníbàárà.

Ẹ bi í bó ṣe ń fún wọn lóògùn. Ìyẹ̀fun yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní diminazene ni gbogbo gàá ń lò. Ọ̀rá kékeré 2.36 gíráàmù kan, ẹ ó fi mílílítà omi 15 po ó, màlúù kan tó wọn kílò 300 ló wà fún. Ọ̀kan fún ọ̀kan. Mo ti débi tí wọ́n ti pín ọ̀rá kan fún màlúù mẹ́rin, nítorí pé òògùn wọ́n. Ìyẹn ò pa kòkòrò, ńṣe ló ń kọ́ ọ bó ṣe máa sá fún òògùn lọ́jọ́ míì. Bẹ́ ẹ bá gún ẹran ní in, ẹ má pa á jẹ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. (Ọmọ Alápatà, ìwọ náà gbọ́ o. Ẹran tí wọ́n ń dúńbú lóru yẹn, òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́.)

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. 32 àti 9 jẹ́ 41. Ẹ ti pàdánù 11. Ó ju ìdámẹ́rin lọ. Nínú agbo tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa, àgbà màlúù tó ń kú lọ́dún kì í sáà ju 2 tàbí 3 nínú 100, ọmọ kì í ju 5. Ní àwọn gàá wa, kí 20 kú nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ẹnikẹ́ni ò ní í yà á lẹ́nu. Ní 1983 tí àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest dé, agbo odindi ń pa rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ayé sì mọ̀. Àrùn yẹn ti tán láyé, 2011 ni wọ́n kéde ẹ̀. Èyí tó kù fún wa báyìí ń pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó ń kéde ẹ̀. Mo fẹ́ mọ mélòó nínú àwọn 7 yẹn ni ọmọ. Mo fura pé ó lé ní ìdajì, mo sì fura sí ọ̀rọ̀ wàrà: òun ló ni wàrà, lẹ wí. Ọmọ màlúù kì í gba àjẹsára kankan látinú ìyá ẹ̀ kó tó bí i, inú wàrà àkọ́kọ́ tó ki tó sì pọ́n yẹn ló wà, bí kò bá sì rí i mu láàárín wákàtí díẹ̀ sígbà tí wọ́n bí i, ìfun ẹ̀ á pa ilẹ̀kùn dé. Bí wọ́n bá ti fún un mọ́ ọn lọ́wọ́, ó parí.

Alápatà tó la ẹran kẹ́ ẹ tó dé yẹn, ẹ kìlọ̀ fún un. Òkú tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì bá ń jáde nímú tàbí nídìí ẹ̀, ọ̀bẹ ò gbọ́dọ̀ kàn án. Lóṣù Keje 2023, wọ́n rí àrùn anthrax nínú oko kan ní Sùlèjà, ní ìpínlẹ̀ Niger. Irúgbìn àrùn yẹn lè wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti da ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń pa èèyàn. Wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ní Vom lápá Jos, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran ìjọba tó bá sún mọ́ yín.

ÀkànníÌjàrẹ́

Ẹ kú àlàyé o, Dókítà. Àbí ẹ ti gbàgbé tiwa? Oṣù Kẹsàn-án 2019, màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí Òkè Ọwá ní Ìjàrẹ́. Ààrá. Òkè yẹn kì í ṣe ibi tí ẹran ń lọ jẹko, àwọn àgbà sì ti sọ̀rọ̀ tipẹ́. Bàbá Tíṣà, ẹ wádìí ilẹ̀ tí ẹran yín tẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa pè é ní ọkà bàbà.

DókítàẸran (Òkè-Ògùn)

Àkànní, mi ò bá ẹni tó ni ààrá jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ààrá bá kan ilẹ̀, iná ẹ̀ máa ń gba inú ilẹ̀ sáré. Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù jìnnà síra, iná á gba tibí wọlé, á gba tọ̀hún jáde, ọkàn á sì wà láàárín. Bí wọ́n bá wá kóra jọ lórí òkè nínú òjò, iye tó bá wà níbẹ̀ ló lè mú. Àmọ́ ààrá kì í ki ewé bọ inú ṣàkì.

ÌyáOníwàrà (Ṣakí)

Ẹ̀yin bàbá, mo kí yín o. Dókítà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ wàrà tẹ́ ẹ sọ yẹn ò dùn mọ́ mi nínú.

Fúlàní ni mí, Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, wàrà ni mò ń sè tà láti kékeré. Wàrà ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, kí la fẹ́ fi ṣe? Bẹ́ ẹ bá gbé e kaná, kó tó hó ló ti máa dì bí ẹyin, kò ṣeé sè, kò ṣeé tà. A kì í fún un. Ẹ má gbé e lé ìyàwó darandaran lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ ṣe ń kú. Inú igbó ni ìyá ti ń bí i, lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n ń jẹko lọ. Agbo ò ní í dúró de ìyá ọlọ́mọ. Ọmọdékùnrin tó ń dà wọ́n á gbé ọmọ náà kọ́ ọrùn, á máa tẹ̀ lé àwọn yòókù, ìyá á máa jẹko lọ níwájú. Kí wọ́n tó padà dé gàá, ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ tí wọ́n bí láago mọ́kànlá, aago méje alẹ́ ló kọ́kọ́ fẹnu kan ọmú. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ ni wọ́n ń sùn lé, ìwọ́ ẹ̀ ò tíì gbẹ, ó ti ń fi wọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ibẹ̀ á wú, orúnkún á wú, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu funfun. Ó tán.

Nílé ọkọ mi, ọmọ tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, a kì í kà á mọ́ agbo. Torí náà, Bàbá Tíṣà, ẹ má bi ọkọ. Àwa obìnrin là ń so ọmọ màlúù mọ́lẹ̀ lálẹ́. Ẹ bi ìyàwó ẹ̀.

DókítàẸran (Òkè-Ògùn)

Ìyá, mo gbà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ wàrà yẹn fáwọn èèyàn, kò sí oníwàrà kankan tó dá mi lóhùn rí.

TíṣàFẹ̀yìntì (Ìséyìn)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà. Mi ò lọ bá Baálẹ̀. Mo mú ìyàwó mi dání, a lọ sí gàá ní Sátidé.

Èmi àti ọkọ jókòó lábẹ́ igi ẹ̀mí, ìyàwó mi lọ bá ìyàwó ẹ̀ nídìí ààrò. Kò pẹ́ tó fi pè mí. Okùn gígùn kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fi èèkàn kàn mọ́lẹ̀ lórí-nídìí, ojú okùn kéékèèké wà lára ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń ki ọrùn ọmọ màlúù bọ̀ lálẹ́ kí wọ́n má bàa mu ọmú ìyá wọn tán. Ojú okùn 16 ló wà níbẹ̀. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan àkọ́kọ́, kò sọ nǹkan. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó ní, "Èyí ṣu funfun." Ó kan méjì sí i. "Èyí, inú igbó." Ní apá ìparí, ó di ojú okùn méjì mú pọ̀: ọ̀kan ìwọ́ ẹ̀ wú, èkejì kàn jí òkú lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú. Mẹ́rin. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ó mọ ìyá tó bí wọn. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ìyẹn kù mẹ́ta. Alápatà tí Ọmọ Alápatà ní kí n wá, mo rí i. Òun ló rà wọ́n, lóru. Méjì rù, kò sí ọ̀rá kankan lára ẹran wọn, ọ̀kan 120,000, èkejì 90,000. Ẹ̀kẹta ni ikùn ẹ̀ tóbi, ohun tó bá nínú ẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí Ọmọ Alápatà kọ síbí, ó tiẹ̀ tún bá bàtà sílípáàsì ọmọdé kan níbẹ̀. Darandaran mi ní òun fi owó náà ra òògùn fún àwọn tó kù. Mo bi í pé báwo ló ṣe pín òògùn ọ̀hún. Ó fi ìka mẹ́ta hàn mí: ọ̀rá kan, màlúù mẹ́ta. Mo gbà á gbọ́ lórí òògùn. Lórí owó, mo ṣì ń rò ó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oko. Mo ṣe bí Dókítà ṣe wí, àwa méjì péré la jọ rìn lọ sétí odò. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ yẹn, ọmọ ẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá ló da ẹran. Oòrùn mú ọmọ, oorun gbé e lọ, ìgbà tó máa jí, wọ́n ti wà láàárín ọkà bàbà. Ẹ̀rù bà á láti sọ fún mi, nítorí pé ó mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa ní kí n san oko.

Mo lọ bá àgbẹ̀ náà fúnra mi. Inú ẹ̀wù oko ló wà, kò ní kí n jókòó. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì nítorí ọkà tí ẹran mi jẹ. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní òun rí ojú ẹsẹ̀ wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lé ní ogún ebè tó run, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbọ́ pé màlúù mẹ́ta kú, òun ti ilẹ̀kùn mọ́rí, nítorí òun mọ ohun tí a máa sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkùnrin yìí ò fi rí oorun sùn nínú ilé ara ẹ̀. A jọ ka ebè náà, mo sanwó, ó dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún padà fún mi.

Dókítà, mo rí ọmọ iṣẹ́ yín. Ó gba ẹ̀jẹ̀ létí àwọn mẹ́jọ tó rù jù, márùn-ún ló ní kòkòrò yẹn lára. Ó fi téèpù wọn àyà wọn kó tó gún wọn. Abo kan tí darandaran mi ní kò ju kílò 150 lọ, 310 ló jẹ́. Ẹ wo ìyẹn.

A ti tún àdéhùn wa ṣe. Abo tó bá fẹ́ bímọ ò ní í bá agbo lọ mọ́, á máa jẹko sítòsí gàá, ìyàwó ẹ̀ ni yóò máa tọ́jú ẹ̀, mo sì ń fún un lówó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá pé oṣù kan láyé. Ọkọ ní owó obìnrin ti pọ̀ jù. Mo ní kó lọ bi okùn. Mo ra tíńtọ̀ áyódìn láti máa fi ki ìwọ́ wọn. Mo ra ìwé kan náà, èmi ni mo fa ìlà sí i: ọjọ́, ìyá, ohun tó ṣe é, ó kú tàbí wọ́n dúńbú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó sùn lóko yẹn ló ń bá mi kọ ọ́, kíláàsì márùn-ún ni. Bàbá ẹ̀ ò lè kàwé.

Lánàá, ó pè mí látorí fóònù bàbá ẹ̀. Kò kí mi. "Tíṣà, ó ti bí. Ó ti dìde, ó ń mu." Mo ní aago mélòó ló bí i? Ó ní òun ò ní aago. Mo ní kó wo ojú fóònù tó gbé sétí. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, màlúù kan ń ké lẹ́yìn ẹ̀.

"Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú," ló wí. "Ṣé kí n kọ ọ́ ni?"